Ọjọ́ tí Ọ̀sán Dòru ní Príncipe: Ìtàn Bí a Ṣe Dán Àbá Einstein Wò

Bí ènìyàn bá dúró ní etíkun Kútọnu, tí ó kọjú sí òkun, tí ó sì yí ojú díẹ̀ sí ọ̀nà ìlà-oòrùn, erékùṣù kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Príncipe ni orúkọ rẹ̀. Láti Àjàṣẹ́ dé ibẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà, òkun kan náà tí ó ń fọ ẹsẹ̀ ilẹ̀ wa ni ó sì yí i ká. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1919, ọkùnrin méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé awò ńlá kan kalẹ̀ nínú oko kòkó kan ní erékùṣù náà, wọ́n sì ń dúró de ìgbà tí òṣùpá yóò bo oòrùn mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú bíi márùn-ún péré ni òkùnkùn náà pẹ́ mọ. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n rí gbà nínú rẹ̀ wà lára ohun tí ó yí èrò aráyé padà nípa ìmọ́lẹ̀ àti òòfà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ orúkọ Albert Einstein. Àwọn tí ó mọ̀ pé ìhà òkun tiwa yìí ni wọ́n ti wá wá ẹ̀rí sí àbá rẹ̀ kò pọ̀. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, nítorí ohun tí ìtàn náà fi kọ́ni ju ti orúkọ ènìyàn kan lọ. Ó ń fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ kì í di òtítọ́ nítorí pé ọlọ́gbọ́n ni ó sọ ọ́. Ẹni tí ó bá dá àbá nípa bí ayé ṣe rí gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tí àwọn ẹlòmíràn lè lọ fi ojú rí, tí wọ́n lè wọ̀n, tí yóò sì dójú ti àbá náà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Newton yege, àti ibi tí ó ti kùnà

Kí Einstein tó dé, àbá Isaac Newton ni gbogbo onímọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Ọdún 1687 ni Newton tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ó sọ níbẹ̀ pé gbogbo ohun tí ó wà ni ó ń fa ara wọn mọ́ra: ilẹ̀ ń fa èso tí ó já láti orí igi, oòrùn sì ń fa ayé wa kí ó má baà ṣáko lọ. Òfin kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú oko wa àti ní òkè ọ̀run.

Ìdánwò tí ó gbayì jù lọ tí àbá yìí yege wáyé ní ọdún 1846. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ṣàkíyèsí pé pílánẹ́ẹ̀tì Uranus kò tọ ipa ọ̀nà tí ìṣirò là sílẹ̀ fún un. Ará Faransé kan, Urbain Le Verrier, jókòó ní Paris pẹ̀lú gègé àti ìwé, ó sì ṣírò pé pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tí ì mọ̀ ni ó ń fa Uranus kúrò lójú ọ̀nà. Ó kọ lẹ́tà sí Johann Galle ní Berlin, ó sọ ibi tí kí ó wò fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, Galle wò ó, ó sì rí i. Ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì náà wà kò jìnnà tó dígírì kan sí ibi tí Le Verrier tọ́ka sí. Neptune ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tí kò kúrò nídìí tábìlì rẹ̀ ni ó fi ìṣirò rí ohun tí àwọn tí ó ń wo ojú ọ̀run kò tí ì rí.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1859, Le Verrier kan náà kọsẹ̀ lára ohun mìíràn. Mercury ni pílánẹ́ẹ̀tì tí ó súnmọ́ oòrùn jù lọ. Ibi tí ó ti máa ń súnmọ́ oòrùn jù nínú ìrìn àyíká rẹ̀ kì í dúró lójú kan; ó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Nígbà tí Le Verrier ka gbogbo bí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yòókù ṣe ń fa Mercury, ó kù díẹ̀ tí ìṣirò kò lè kájú. Díẹ̀ náà kéré gan-an, àmọ́ kò ṣeé fojú fò. Le Verrier lo ọgbọ́n tí ó ti ràn án lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀: ó ní pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ó fara pamọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín Mercury àti oòrùn. Dókítà kan ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé, Lescarbault, sọ pé òun tilẹ̀ ti rí i. Wọ́n fún pílánẹ́ẹ̀tì náà ní orúkọ, Vulcan. Àwọn onímọ̀ wá a títí, wọn kò rí i. Ọdún 1877 ni Le Verrier kú, Vulcan kò sì tí ì yọjú. Kò lè yọjú, nítorí kò sí.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí èyí dáadáa. Ọkùnrin kan náà, ọgbọ́n kan náà, òfin kan náà: lẹ́ẹ̀kan ó rí Neptune, lẹ́ẹ̀kejì ó rí asán. Bí kì í bá ṣe pé àwọn ènìyàn gbé ojú sókè láti wò, ta ni ì bá mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì?

Nọ́ńbà kan láti Berlin

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1915, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń jó bí iná, Einstein gbé àbá tuntun lórí òòfà kalẹ̀ ní Berlin. Ó ní òòfà kì í ṣe okùn àìrí tí oòrùn fi ń fa ayé. Oòrùn, nítorí bí ó ti tóbi tó, ń tẹ ààyè àti àkókò tí ó yí i ká, ohun gbogbo tí ó bá sì ń kọjá níbẹ̀ yóò tọ ọ̀nà tí ó ti tẹ̀. Nígbà tí ó fi àbá yìí ṣírò ìrìn Mercury, ohun tí ó kù tí Le Verrier kò rí ibi fi sí bọ́ sí ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, láìsí Vulcan kankan.

Ẹ̀rí ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n alátakò lè sọ pé ọ̀rọ̀ Mercury ti wà nílẹ̀ kí Einstein tó bẹ̀rẹ̀, pé ẹni tí ó ti mọ ìdáhùn lè wá ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀. Ohun tí àbá náà nílò ni àsọtẹ́lẹ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì wọ̀n rí. Einstein sì ní ọ̀kan. Ó ní bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà rẹ̀ yóò tẹ̀, ìràwọ̀ náà yóò sì dà bí ẹni pé ó ti kúrò díẹ̀ ní ipò rẹ̀.

Díẹ̀ báwo? Bí a bá pín òbìrí kan sí ọ̀nà 360, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígírì kan. Bí a bá tún pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, ìpín kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní ìṣẹ́jú-àáyá igun. Einstein ní fún ìmọ́lẹ̀ tí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí oòrùn, títẹ̀ náà yóò jẹ́ 1.75 ìṣẹ́jú-àáyá igun. Bí a bá gbé ohun tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ sí kìlómítà mẹ́ta sí wa, bí ó ṣe máa kéré tó lójú wa nìyẹn. Lójú àbá Newton, bí a bá gbà pé òòfà ń fa ìmọ́lẹ̀ bí ó ṣe ń fa òkúta, ìdajì iye yìí ni yóò jẹ́, 0.87. Bí òòfà kò bá sì ní agbára kankan lórí ìmọ́lẹ̀, òdo ni yóò jẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀: òdo, ìdajì, tàbí odidi. Ojú ọ̀run ni yóò yan ọ̀kan.

Ìṣòro kan ló wà. A kì í rí ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn pa tiwọn. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń hàn ní ọ̀sán ni ìgbà tí òṣùpá bá bo oòrùn pátápátá. Àwọn tí ó ti dàgbà nínú wa kò gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí apá kan ilẹ̀ Ghana, Togo, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, onímọ̀ ìràwọ̀ lè ya fọ́tò àwọn ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn. Lẹ́yìn náà, yóò fi wé fọ́tò àwọn ìràwọ̀ kan náà tí a yà ní òru, nígbà tí oòrùn kò sí nítòsí wọn. Bí ipò wọn bá yàtọ̀, ìmọ́lẹ̀ tẹ̀.

Ogun, òjò, àti ọ̀rẹ́ láàárín ọ̀tá

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún 1912, àwọn onímọ̀ láti Argentina lọ sí Brazil fún un, òjò kò sì jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, ọmọ Jámánì kan, Erwin Freundlich, kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Crimea ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ogun bẹ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn ará Rọ́ṣíà sì mú un gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá. Ó dùn ún gidigidi, ṣùgbọ́n ó ṣe Einstein ní oore tí kò bẹ̀bẹ̀ fún. Ní ọdún 1914, àbá rẹ̀ kò tí ì pé. Ìdajì iye náà ni ó ń sọ nígbà yẹn. Bí Freundlich bá rí ohun tí ó wá lọ, ìdánwò náà ì bá ti dá Einstein lẹ́bi.

Nígbà tí àbá náà pé ní ọdún 1915, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ń pa ara wọn, ìwé kì í sì í kọjá láàárín wọn. Willem de Sitter, tí ó wà ní Leiden ní ilẹ̀ Netherlands tí kò bá wọn jagun, ni ó fi ọ̀rọ̀ àbá náà ránṣẹ́ sí Arthur Eddington ní Cambridge. Ọmọ ìjọ Quaker ni Eddington, ẹ̀sìn rẹ̀ sì kọ ogun jíjà. Nígbà tí ìjọba fẹ́ mú un wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1918, Frank Dyson, olórí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá a bẹ̀bẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé bí ogun bá parí, yóò lọ wo òṣùpá tí yóò bo oòrùn ní ọdún 1919.

Dyson ni ó ti rí i láti ọdún 1917 pé ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919 yóò dára ju ọjọ́ mìíràn lọ. Ní ọjọ́ náà, oòrùn yóò wà láàárín ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí a ń pè ní Hyades, tí ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Òjìji òṣùpá yóò la àríwá Brazil kọjá, yóò gba orí òkun Àtìláńtíìkì, yóò sì kan Príncipe kí ó tó wọ àárín gbùngbùn Áfíríkà. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, kí ìkùukùu má baà ba ti gbogbo wọn jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Andrew Crommelin àti Charles Davidson yóò lọ sí Sobral ní ìpínlẹ̀ Ceará ní Brazil. Eddington àti Edwin Cottingham, tí ó jẹ́ aláago, yóò wá sí Príncipe.

Nínú oko kòkó Sundy

Ní oṣù Kẹta ọdún 1919, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ọkọ̀ ojú omi ní Liverpool. Wọ́n pínyà ní Madeira. Eddington àti Cottingham gúnlẹ̀ sí Príncipe ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, wọ́n sì yan oko kan tí wọ́n ń pè ní Sundy láti gbé awò wọn sí.

Ilẹ̀ Potogí ni ó ń ṣàkóso erékùṣù náà. Òkìkí kòkó ibẹ̀ àti ti São Tomé tí ó jẹ́ èkejì rẹ̀ ti kàn ká ayé, ṣùgbọ́n òkìkí mìíràn tún tẹ̀ lé e. Lórí ìwé, kò sí ẹrú mọ́. Ní ti gidi, wọ́n ń kó òṣìṣẹ́ láti Angola wá lábẹ́ àdéhùn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè já, tí púpọ̀ wọn kò sì padà sílé mọ́ láé. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé ní ọdún 1909, Cadbury àti àwọn oníṣokoléètì Gẹ̀ẹ́sì mìíràn kéde pé àwọn kò ní ra kòkó ibẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni awò Eddington dé.

Báwo ni ẹrù wọn ṣe dé Sundy? Ìròyìn tí àwọn onímọ̀ náà kọ sọ pé ọkọ̀ ojú irin kékeré ni ó gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó kìlómítà kan tí ọ̀nà irin ti já, tí àwọn aláàárù ọmọ Áfíríkà fi rù ú gba inú igbó. Gíláàsì ni awò, gíláàsì ni àwo fọ́tò. Bí ọ̀kan nínú àwọn aláàárù wọ̀nyí bá kọsẹ̀, ìtàn yìí ì bá gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò kọsẹ̀. Orúkọ wọn kò sí nínú ìròyìn náà. Àwa tí a jẹ́ ọmọ etíkun yìí, ó tọ́ kí a máa rántí wọn nígbàkigbà tí a bá ń sọ ìtàn náà, nítorí igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ìṣẹ́jú márùn-ún

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, òjò ńlá rọ̀ ní Príncipe. Nígbà tí ó di ọ̀sán, òjò dá, ṣùgbọ́n ìkùukùu kò lọ. Ó lé díẹ̀ ní aago méjì nígbà tí òṣùpá bo oòrùn tán. Eddington kò ráyè wo ohun àrà náà ju ìwò fìrí lọ. Àwo fọ́tò ni ó ń pààrọ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí ó fi pé mẹ́rìndínlógún. Ìkùukùu ba èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́. Ní ìgbẹ̀yìn, méjì péré ni ó wúlò fún wíwọ̀n, ìràwọ̀ márùn-ún sì ni ó hàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ní Sobral, ojú ọ̀run là ní àkókò tí ó yẹ. Henrique Morize, ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Faransé tí ó di olórí ilé ìwòràwọ̀ orílẹ̀-èdè Brazil, ni ó ṣètò ibi tí wọ́n dúró sí. Awò méjì ni Crommelin àti Davidson ní. Èyí tí ó tóbi nínú wọn kò ṣe dáadáa: ooru oòrùn yí dígí tí ó ń darí ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀ padà, àwòrán àwọn ìràwọ̀ kò sì mú. Èyí tí ó kéré, tí wọ́n mú dání gẹ́gẹ́ bí àfikún, ni ó mú fọ́tò méje tí ó mọ́ kedere jáde, ìràwọ̀ méje nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúró ní Brazil títí di oṣù Keje láti ya fọ́tò àwọn ìràwọ̀ kan náà nígbà tí oòrùn ti kúrò láàárín wọn.

Wíwọ̀n àti ìjiyàn

Iṣẹ́ tí ó kù ni èyí tí ó gba sùúrù jù. Lórí àwo gíláàsì, ìyípadà tí wọ́n ń wá kò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n mìlímítà kan. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán, nọ́ńbà mẹ́ta ni ó jáde. Awò kékeré ti Sobral sọ pé 1.98. Awò Príncipe sọ pé 1.61. Awò ńlá ti Sobral, èyí tí àwòrán rẹ̀ kò mú, sọ pé 0.93, tí ó súnmọ́ ti Newton.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1919, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Society àti Royal Astronomical Society, pàdé ní London. Dyson dìde, ó sì sọ pé ẹ̀rí náà gbe àbá Einstein. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde ní ọjọ́ kejì, Einstein sì di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ọmọ Jámánì ni ó dá àbá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì lọ jẹ́rìí sí i, nígbà tí ọgbẹ́ ogun kò tí ì jinná.

Ìbéèrè kan kò ṣàì dìde, ó sì yẹ kí a dojú kọ ọ́: kí ni ó dé tí wọ́n fi pa nọ́ńbà kẹta tì? Àwọn kan ti sọ pé Eddington fẹ́ràn àbá Einstein ju bó ṣe yẹ lọ, pé ó mú ohun tí ó wù ú, ó sì ju ìyókù nù. Ẹ̀sùn ńlá ni fún onímọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nílẹ̀. Ní àkọ́kọ́, kì í ṣe Eddington ni ó wọ̀n fọ́tò Sobral. Àwọn òṣìṣẹ́ Dyson ní Greenwich ni. Ní èkejì, wọn kò fi nọ́ńbà náà pamọ́: wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìròyìn wọn, wọ́n sì sọ ìdí tí wọn kò fi gbẹ́kẹ̀ lé e. Wọ́n ti rí àbùkù àwòrán náà ní Sobral gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó mọ nọ́ńbà tí yóò mú jáde. Ní ẹ̀kẹta, ní ọdún 1979, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwòràwọ̀ Greenwich gbé àwọn àwo gíláàsì àtijọ́ náà sábẹ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n tuntun tí kò sí nígbà ayé Dyson. Awò ńlá tí ó ti sọ pé 0.93 wá sọ pé 1.55.

Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ sọ ju ohun tí ó wà lọ. Ẹ̀rí ọdún 1919 kò lágbára tó bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe pariwo rẹ̀. Ìràwọ̀ díẹ̀ ni, nínú ìkùukùu, pẹ̀lú àlàfo àṣìṣe tí kò kéré. Àwọn tí ó ṣiyè méjì ní ọjọ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Iyèméjì wọn ni ó mú kí àwọn mìíràn tún lọ wọ̀n ọ́n.

Wọ́n tún wọ̀n ọ́n, wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1922, William Campbell àti Robert Trumpler láti Amẹ́ríkà lọ sí Wallal ní ilẹ̀ Australia. Campbell ti gbìyànjú tẹ́lẹ̀ ní ọdún 1914 àti 1918, kò sì rí ìtẹ́lọ́rùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ọ̀run mọ́, ìràwọ̀ pọ̀ nínú fọ́tò wọn, nọ́ńbà tí wọ́n rí sì jẹ́ 1.72. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1973, àwọn onímọ̀ láti Texas gbé awò wọn lọ sí Chinguetti nínú aṣálẹ̀ Mauritania. Afẹ́fẹ́ oníyanrìn yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wọ̀n bá ti Einstein mu. Ilẹ̀ Áfíríkà tún jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn náà, wọ́n rí ọ̀nà tí kò nílò òṣùpá mọ́. Àwọn ohun kan wà ní òkèèrè ojú ọ̀run tí ń rán ìgbì rédíò wá sí ayé, oòrùn kì í sì í lè pa ohùn wọn bí ó ṣe ń pa ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀. Nígbà tí ó fi di àárín àwọn ọdún 1970, wọ́n ti fi ìgbì rédíò wọ̀n títẹ̀ náà débi pé àlàfo àṣìṣe kò ju nǹkan bí ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ará Ítálì lo ìgbì rédíò láàárín ayé àti ọkọ̀ òfurufú Cassini nígbà tí ó wà lẹ́yìn oòrùn. Wọ́n wọ̀n bí òòfà oòrùn ṣe ń dá ìgbì náà dúró díẹ̀ lọ́nà, èyí tí í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ mìíràn láti inú àbá kan náà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 bá ti Einstein mu, pẹ̀lú àlàfo àṣìṣe tí kò ju bí ìpín 2 nínú 100,000 lọ.

Kí ni èyí kàn wá? Ẹ wo fóònù tí ó ń júwe ọ̀nà fún oní-zémidjan ní Kútọnu. Aago tí ó wà nínú àwọn sátẹ́láìtì tí fóònù náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ń yára ju tiwa ní ilẹ̀ lọ, ìyára náà sì tó nǹkan bí ìpín 38 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí àbá Einstein ti wí. Bí àwọn tí ó ṣe é kò bá tún un ṣe, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo ni fóònù náà yóò fi ìwọ̀n bíi kìlómítà mẹ́wàá ṣìnà.

Ohun tí ó kù fún wa

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ìtàn Vulcan fi hàn pé ohun tí ó ń lépa irọ́ nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ojú tí ó ń wò àti ọwọ́ tí ó ń wọ̀n. Ìtàn Príncipe sì fi kún un pé ọjọ́ kan ṣoṣo kì í sábà tó. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919 ṣí ilẹ̀kùn. Ó gba Wallal, Chinguetti, ìgbì rédíò àti Cassini kí a tó lè sọ pé ilẹ̀kùn náà dúró dáadáa lórí ìdè rẹ̀. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ṣì ń wá ibi tí àbá Einstein yóò ti kùnà, bí ti Newton ṣe kùnà lára Mercury. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tàbùkù rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí ó ga jù tí a lè fún àbá kan ni kí a máa dán an wò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní Togo, nígbà tí Eddington wá sí etí òkun wa, ẹrù rírù ni wọ́n fi lé ọmọ Áfíríkà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2034, òjìji òṣùpá yóò tún la ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá, ìtòsí wa gan-an. Ẹ ṣọ́ ojú yín ní ọjọ́ náà, nítorí a kì í fi ojú lásán wo oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti ìsinsìnyí: ẹ kọ́ ìṣirò, ẹ kọ́ bí a ṣe ń lo awò, ẹ kọ́ bí a ṣe ń wọ̀n nǹkan àti bí a ṣe ń sọ àlàfo àṣìṣe ẹni láìfi bò. Bí ọjọ́ náà bá pé, kí orúkọ yín wà nínú ìròyìn tí wọn yóò kọ.